Má Tíì Ta Ilẹ̀ Amọ̀ Bàbá Rẹ

Ọ̀wọ̀,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ọjà.

Olúfẹ́mi, ọkọ mi,

Mo mọ̀ pé bí o bá rí ìwé tó gùn tó báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí wàá sọ ni pé, "Kí ló dé tí Màmá ò kàn pè mí?" Mo pè ọ́. O gbé e, o ní, "Màmá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́," mo sì ń gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ lẹ́yìn. Mo tún pè ọ́ nírọ̀lẹ́, o ní kí n ṣáà fọwọ́ sí ìwé fún ọkùnrin tó fẹ́ ra ilẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà tán. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ nígbà tí ẹnì kan ń wo aago. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó, tí mo mú bírò. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìwọ náà mọ̀. Bí o bá dé ibi tí mo ti kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ, rẹ́rìn-ín kí o sì máa kà lọ.

Kí n kọ́kọ́ yọ̀ fún ọ ná. Iṣẹ́ tuntun ní Àkúrẹ́, ìyàwó tuntun nínú ilé, láàárín ọdún kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ń ru abọ́ ike káàkiri Emure-Ile, tí mo ń fi èrè rẹ̀ ra ìwé fún ọ, mi ò gbójú lé tó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ṣe é kọjá ibi tí mo na ọwọ́ dé.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ bàbá rẹ ní ọ̀nà Ute, mi ò tíì fọwọ́ sí i. Ọkùnrin náà tún wá sí ìsọ̀ mi lánàá, mo ní kó fún mi títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò fi parí. Kó tó padà wá, mo fẹ́ kí o ka ohun tí mo rí. Nítorí mo rí ohun kan, Fẹ́mi, ẹnu mi ò tíì padé látìgbà náà.

Mo mọ ìdí tí o fi fẹ́ ta ilẹ̀ yẹn. Ìwọ lo sùn nínú yàrá ẹ̀yìn nígbà kékeré, tí ògiri á dún "pá!" nínú ọyẹ́, tí wàá sáré wá há sábẹ́ aṣọ mi. Ìgbà òjò ni bàbá rẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé náà, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe lápá ibẹ̀, nítorí ilẹ̀ máa ń rọ̀ fún ọkọ́ nígbà yẹn, owó àwọn tó ń gbẹ́ ẹ sì máa ń wálẹ̀. Àwa méjèèjì rò pé a gbọ́n. Ilé dúró dáadáa títí òjò fi dá. Bí ọyẹ́ ṣe dé, ògiri sán láti igun fèrèsé lọ sókè bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Bàbá rẹ po símẹ́ńtì, ó dí i. Òjò padà dé, ibi tó sán padé fúnra rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀kùn há. Bàbá rẹ fá ilẹ̀kùn. Ọyẹ́ tún dé, ilẹ̀kùn tó fá kò kan férémù mọ́, ewúrẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Nígbà òjò ilẹ̀kùn kì í ṣí, nígbà ẹ̀rùn kì í tì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí, ọdún wọ ọdún.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó ń dáko ní Elegbeka ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó dúró láàárín ìyẹ̀wù, ó wo ògiri, ó ní, "Ilẹ̀ yìí ò gbà yín. Ẹ kó ẹrù yín." Àwọn ará ìjọ wá gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, a kó lọ sí yàrá tí a háyà ní Ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn mú bàbá rẹ lọ, àwọn èèyàn sì so ikú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ náà. Ọmọdé ni ọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ gbọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bá ọ ta ilẹ̀ yìí, kì í ṣe owó.

Ó dáa. Wá gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ ṣe fún mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí o lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí Dúpẹ́ dúró tì mí, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ wo ilẹ̀ tí ọmọ yín fẹ́ tà."

Mo ní, "Kí lo fẹ́ wò níbẹ̀? Koríko ni."

Ó ní, "Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni ká máa yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó la ọ̀nà gbà á. Ká ní nọ́ọ̀sì ni ọmọ yín fẹ́, ṣé kò ní wo orúnkún tó ń dùn yín ni?"

Ẹ̀rín pa mí. O ò kúkú sọ fún mi pé àwọn ará Àkókó yìí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. A wọ mọ́tò, a lọ.

Ilẹ̀ náà ti là kálẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Dúpẹ́ ṣẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó tì í bọ inú ibi tó là, igi náà ń wọlé lọ, ń wọlé lọ, títí ó fi ku ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dì mú. Ó wò mí, ó ní, "Ó súnkì ni, Màmá."

"Kí ló súnkì?"

"Amọ̀ yìí. Bí òjò bá rọ̀, á mu omi, á wú. Bí ẹ̀rùn bá dé, omi á kúrò lára rẹ̀, á súnkì. Ilé tó bá wà lórí rẹ̀, á kàn máa bá a gòkè, á máa bá a sọ̀ kalẹ̀ ni." Ó yíjú sí igi máńgòrò tó fara ti ògiri ilé wa àtijọ́. "Ta ló gbin èyí síbí?"

"Ọkọ mi ni. Ó fẹ́ ibòji."

Ó mi orí. Ó ní, "Òun náà ti ń fa omi ìdí ilé yín mu láti ọjọ́ tó ti gbòòrò."

Gbogbo ọdún tí à ń gbàdúrà lórí ògiri, kò sẹ́ni tó bojú wolẹ̀.

Ó gbẹ́ ilẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò koríko dé, ó bu amọ̀ sínú àpò náílọ́ọ̀nù, a gbé e bọ̀ wá sílé. Ọjọ́ kejì ó mú kóló irin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, irú èyí tí o lè pè ní ọkọ̀ ojú omi kékeré, òun àti ìyẹ̀fun funfun kan nínú ike. Ó ní láìmù ni. Ó fẹ́ pò ó mọ́ amọ̀. Ibẹ̀ ni èmi àti ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.

Màmá mi àgbà tí o kò bá láyé, ìkòkò ló ń mọ ní Ute. Èmi ni mo máa ń bá a ṣa amọ̀ kó tó gún un: gbòǹgbò, òkúta, pàápàá jù lọ èérún ìkarahun ìgbín. Ní ọjọ́ kan mo rí èérún funfun díẹ̀ tó kù síbẹ̀, ó rẹ̀ mí, mo bò ó mọ́lẹ̀. A mọ àmù omi, ó gbẹ, ó jóná dáadáa nínú iná, ó rẹwà. Obìnrin kan rà á. Kò pẹ́ tó fi gbé e padà wá. Ara àmù náà ti ń ta jáde ní èérún-èérún, ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, nínú ihò kọ̀ọ̀kan sì ni ohun funfun kan dúró sí bí ojú. Màmá mi àgbà di etí mi mú, ó fi ojú mi sún mọ́ ọn. Ó ní, "Wò ó dáadáa. Ohun funfun ò gbọdọ̀ wọ inú amọ̀ láéláé." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn dàgbà.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ìyẹ̀fun Dúpẹ́, mo gba ike lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "O ò ní fi ẹfun ba amọ̀ yìí jẹ́ lójú mi."

"Kì í ṣe ẹfun, Màmá. Ẹfun fúnra rẹ̀, amọ̀ funfun ni. Òkúta ni wọ́n jó tí wọ́n fi rí èyí."

"Bí ìkarahun ìgbín tó jóná?"

Ó yanu. "Ta ló sọ fún yín? Wọ́n bá ara wọn tan gan-an ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Òun gan-an ló fọ́ ìkòkò màmá mi àgbà."

Ọmọ náà kò bínú, kò sì fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó jókòó sórí àpótí, ó ronú, ó wá ní, "Màmá, nínú ìkòkò, odidi èérún ló sá pamọ́ síbẹ̀. Iná jó o, ara ìkòkò ti le, kó tó wá rí omi mu. Ó wú, kò síbi tó fẹ́ yà sí, ó ní láti ta jáde. Èyí, ìyẹ̀fun ni. Nígbà tí amọ̀ ṣì tutù la ó ti pò ó mọ́ ọn káàkiri. Kò ní sá pamọ́. Yóò di àwọn èérún amọ̀ mú pọ̀ mọ́ra wọn."

Mo ní mi ò gbà.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́. Bó bá fọ́, gbogbo aṣọ tó wà nínú ilé yìí, èmi ni n ó fọ̀ ọ́."

"Bí ò bá fọ́ ńkọ́?"

"N ó mú abọ́ kan tó bá wù mí nínú ìsọ̀ yín."

"Abọ́ kékeré o."

"Èyí tó bá wù mí, Màmá."

Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fún èmi náà ní ìbọ̀wọ́, ó ní láìmù a máa jó awọ, kí n má sì jẹ́ kó ta sí mi lójú. A pín amọ̀ sí méjì. Apá kan, omi nìkan la fi pò ó, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí iyán, kó tó kúrò mo ní láti fi igi ha á. Apá kejì, ó wọ́n láìmù sí i, kò tiẹ̀ pọ̀ tó bí mo ṣe rò, ó ní kí n máa pò ó. Mo ń pò ó, mo ń pò ó. Fẹ́mi, amọ̀ náà yípadà nínú ọwọ́ mi. Ó dẹ́kun lílẹ̀. Ó ń já sí wóróworó bí gàrí tí wọ́n bomi wọ́n. Láti kékeré ni mo ti ń fọwọ́ kan amọ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ojú rẹ. Mo yọwọ́ kúrò níbẹ̀, mo sún sẹ́yìn. Dúpẹ́ ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn."

Ó fi náílọ́ọ̀nù bò ó, ó ní kó sinmi di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ó tún fi omi pò ó, ó kún kóló méjèèjì dé etí, ó fi ọ̀bẹ tẹ́ ojú wọn, ó gbé wọn sí ibòji lẹ́yìn ilé. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ ló gbé wọn bọ́ sí oòrùn. Ìyá Ruka tí ilé wa jọ kọjú síra rí wa, ó ké láti ọ̀nà ọ̀hún wá: "Ìyá Fẹ́mi, mọ́ínmọ́ín irú wo lẹ̀ ń sá sóòrùn?"

Mo ní, "Mọ́ínmọ́ín ìyàwó mi ni."

Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó fún yín jẹ o! Ìyàwó tuntun kì í pẹ́ pa ìyá ọkọ!"

Nígbà tí wọ́n gbẹ tán, mo jáde lọ wò wọ́n kí n tó lọ sọ́jà. Amọ̀ tí a kò fi láìmù sí ti fà kúrò lára kóló ní apá méjèèjì, ó fi àyè sílẹ̀ débi tí mo lè ti ìka mi bọ̀ ọ́. Ó sán láàárín, ó sì ká orí àti ìdí sókè bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èkejì ń bẹ nínú kóló tirẹ̀, ó gún régé. Àyè tó wà láàárín òun àti irin kò ju ibi tí èékánná lè wọ̀. Mo gbé e sókè, mo yí i, mo wá ibi tó ti là. Kò sí.

Ṣé o mọ ohun tó mú ẹ̀rù bà mí? Inú ihò kan ṣoṣo la ti bu àwọn méjèèjì. Omi kan náà, kóló kan náà, oòrùn kan náà. Ìwọ̀nba ìyẹ̀fun tí a fi òkúta ṣe ló wà láàárín wọn. Òkúta tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹsẹ̀ gbá kọjá, àṣé Ọlọ́run ti fi ohun tó lè sọ fún amọ̀ pé "dúró" pamọ́ sínú rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mi ò rántí pé mo gbé ọbẹ̀ kaná títí òórùn rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ìyá Ruka wá láti wá fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó wo àwọn méjèèjì, ó jókòó tì mí.

Kò tán síbẹ̀. A fi wọ́n sílẹ̀ ní ìwọ̀n ọjọ́ mélòó kan sí i, a kó èérún kọ̀ọ̀kan lára wọn sínú omi. Ti àkọ́kọ́ yọ́ di ẹrẹ̀. Ti ìkejì jókòó sísàlẹ̀ omi, ó ń wò wá. Dúpẹ́ wọ ìsọ̀ mi, ó mú abọ́ tó tóbi jù, èyí tó ní ọmọrí. Mo bá a dúnàá-dúrà, ó kọ̀.

Wàyí o, ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyí.

Àkọ́kọ́: má ṣe bẹ̀rù ohun tí o kò tíì bi léèrè. A fi ilé sílẹ̀ nítorí ohun tí ẹnì kan sọ láàárín ìyẹ̀wù. Kò burú pé a gbàdúrà, mo ṣì ń gbà á, ṣùgbọ́n ó yẹ ká gbẹ́ ihò kan wò pẹ̀lú.

Èkejì: bí a bá máa ṣe é, má jẹ́ kí bíríkìlà kankan kán ọ lójú. Wọ́n á sọ fún ọ pé àwọn á wọ́n láìmù sórí ilẹ̀ bí iyọ̀ láàárọ̀, pé ọ̀sán ni ìpìlẹ̀. Irọ́ ni. Ó gbọ́dọ̀ wọlé lọ sísàlẹ̀, kó pò mọ́ amọ̀ káàkiri, kí wọ́n bò ó kó sinmi, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ gún un le, kí wọ́n sì tún jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ kí ẹrù tó gùn ún. Ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ká bẹ̀rẹ̀, má torí pé iṣẹ́ pọ́ọ́kú láàárín òjò kí o bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Má sì rò pé bó bá ti pọ̀ ló dára. Dúpẹ́ ní àpọ̀jù rẹ̀ ń ba iṣẹ́ jẹ́, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò ni wọn yóò ti sọ ìwọ̀n. Bí ẹnì kan lọ́jà bá sì sọ fún ọ pé ẹfun àti láìmù, ọ̀kan náà ni, kí o rántí pé ìyá rẹ náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀kẹta: o mọ̀ mí, mi ò ra ata láìyọ iye lórí rẹ̀. Mo ti lọ béèrè owó láìmù àti owó ẹ̀rọ tó ń gún ilẹ̀. Kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo ro gbogbo símẹ́ńtì tí bàbá rẹ fi dí ògiri yẹn, àti owó yàrá tí a háyà látìgbà tí a ti kó jáde, mo sì rí i pé ibẹ̀ ni owó ti ṣòfò. Ibòmíràn ni kí o ti ṣọ́ owó ná. Ra ilẹ̀kùn tó pọ́ọ́kú. Má kun ọ̀dà lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ilé bá ti jókòó, san án tán.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Igi máńgòrò yóò lọ, bó tilẹ̀ dùn mí. Ẹ la ojú ìṣàn kí omi òrùlé má dúró sẹ́bàá ògiri. Ilé àtijọ́ náà, láìmù ò lè wò ó sàn mọ́, wíwó ni. Mo sunkún tán lórí ìyẹn, má tún un bẹ̀rẹ̀ fún mi.

Èyí tó kàn, ti ilé rẹ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ gbọ́ ohun tí Dúpẹ́ ṣe, ó ní, "Obìnrin ló fẹ́ kọ́ wa nílẹ̀ tiwa?" Yóò tún sọ ọ́ níwájú rẹ. Lọ́jọ́ náà, má ṣe rẹ́rìn-ín bá a, má sì bú u, àgbà ni. Kàn sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí ó ṣàlàyé." Kí o wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Èmi náà gba ike lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àpótí, ó ronú lórí ohun tí màmá mi àgbà sọ kó tó dá mi lóhùn. Ẹni tó bá lè bá mi jà bẹ́ẹ̀ láìrí mi fín, fọwọ́ méjèèjì mú un.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ìyàwó rẹ fúnra rẹ̀ ní wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ yẹ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ wò, ó lè jẹ́ pé láìmù nìkan kò ní tó. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, màá fọwọ́ sí i, ọkùnrin náà á mú ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ilẹ̀ tí a yẹ̀ wò la tà. Kì í ṣe ilẹ̀ tí a sá fún.

Lánàá, nígbà tí ọkùnrin yẹn lọ tán, mo ti ìsọ̀, mo wọ ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Ute lémi nìkan. Ilẹ̀kùn bàbá rẹ ṣì wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ tọ́ etí rẹ̀ níbi tó ti fá a, tó tún fá a, títí igi náà fi tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá rẹ kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn kọ́ ló ń tóbi. Mo wá kúnlẹ̀ níta, mo ti ọwọ́ mi bọ inú ibi tí ilẹ̀ ti là, ohun tí mi ò lè ṣe láti ọjọ́ tó ti kú. Inú ibẹ̀ tutù díẹ̀. Mo fi ọwọ́ sílẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀ yìí kò lé wa rí, Fẹ́mi. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.

Dúpẹ́ ló ń mú ìwé yìí bọ̀ lọ́la. Nínú àpò rẹ̀, mo fi ìró mi àtijọ́ wé amọ̀ méjèèjì. Kò ní sọ ohunkóhun, mo ti kìlọ̀ fún un. Tú wọn, gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fi ọwọ́ ara rẹ kan èyí tó là, kí o sì kan èyí tí kò là. Lẹ́yìn náà kí o pè mí. Bí o bá ṣì ní kí n tà á, ó ti tán, màá tà á.

Ṣùgbọ́n fọwọ́ kàn wọ́n ná.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí ohùn rẹ,
Ìyá Fẹ́mi, oníke.